Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Kókó Wò Ká Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ: Ẹ̀bẹ̀ Láti Ajah sí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó

Sí Ọlọ́lá, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú. Sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abáyọ̀mí, Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìlera. Sí ẹ̀yin ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó. Àti sí ẹ̀yin alága tí Etí-Ọ̀sà wà ní ìkáwọ́ yín.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Langbasa, níhìn-ín lẹ́yìn Ajah, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé àdúgbò yìí. Mi ò wá fi ẹnikẹ́ni sùn. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí ara àbúrò mi ọkùnrin ti yá. Bí mi ò bá sọ ọ́ létí ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti jẹ gbèsè àwọn tí irú rẹ̀ yóò tún ṣe.

Kókó kan ló yọ sí ọrùn àbúrò mi, lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lápá ọ̀tún. Nígbà tó kọ́kọ́ yọ, kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Kò dùn ún, kò pọ́n, kò gbóná. Bí èèyàn bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó tó oṣù mẹ́rin kó tó dà bí ẹyin ẹyẹlé, ìgbà yẹn sì ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọrùn rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀.

Dírẹ́bà ni. Ìdílé kan ló ń wakọ̀ fún nínú ẹ̀sítéètì kan lójú ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́. Bó ṣe jẹ́ àṣà wa, kẹ́míìsì ló kọ́kọ́ yà sí, wọ́n ta kápúsù fún un. Ó lò ó tán, kókó kò kúrò. Màmá wa fi òrí ra á, wọ́n ní eyín rẹ̀ tó ń dùn ún ló fà á. Nígbà tí òògùn kẹ́míìsì ẹlẹ́ẹ̀kejì kò tún ṣiṣẹ́, mo fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kékeré kan nítòsí wa. Ohun tí dókítà ibẹ̀ sọ dára: ó ní àfi kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Wọ́n gé e.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ bí ẹran kékeré yẹn ṣe rìnrìn àjò, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Nọ́ọ̀sì gbé ike kan lé mi lọ́wọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀. Ẹran náà wà nínú rẹ̀, kò tó ìdajì èékánná àtàǹpàkò, omi tó mọ́ gaara bò ó. Wọ́n ti fi pílásítà lẹ orúkọ àbúrò mi mọ́ ike náà lára, wọ́n sì dì í sínú ọ̀rá dúdú. Wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ bá wa gbé e dé láàbù ní Mainland, wọn kì í wá gbà á níbí."

Mo wọ dánfó ní Ajah. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bẹ̀rẹ̀ láti oríta Abraham Adesanya, a tún há ní Jákàńdè. Orí itan mi ni ọ̀rá náà wà, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé bá a, mo ń fi etí ìborùn mi ṣíji bò ó. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ẹja ni. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè sọ. Ní Ọbaléńdé mo bọ́ sí ọkọ̀ mìíràn, a gun Afárá Kẹta, èyí tí wọ́n parí ní 1990, tó gùn tó bíi kìlómítà 12, a sì dúró sórí omi títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí mo dé láàbù, wọ́n ti tì í. Ọjọ́ kejì jẹ́ ọlidé. Mo gbé ọ̀rá mi padà sí Langbasa, mo gbé e sínú fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata tí mo ti lọ̀ sílẹ̀, iná kò sì wá títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gbẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi ṣí ìdérí, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra dé e padà. "Màmá, ẹ má bínú. Omi iyọ̀ ni wọ́n fi sí, kì í ṣe fọ́málíìnì. Ó ti bàjẹ́. A ò lè rí nǹkan kan kà nínú rẹ̀ mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ oníṣègùn mọ èyí jù mí lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe oníṣègùn nìkan ni yóò ka ìwé yìí. Ẹran tí a bá gé lára èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti ìṣẹ́jú tó ti kúrò lára. Fọ́málíìnì ló ń dá ìjẹrà yẹn dúró. Ó yẹ kí ó pọ̀ tó ẹran náà nígbà mẹ́wàá nínú ike. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n á rì í mọ́ inú ìda, wọ́n á bẹ́ ìda náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi tí ojú lásán kò lè wọn nínípọn rẹ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú aró bí ẹni ń rẹ àdìrẹ, kí dókítà patọ́lójì tó gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù kà á. Bí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ bá ti bàjẹ́, ọlọ́gbọ́n ayé kan kò lè tún un ṣe. Fọ́málíìnì kì í sì í ṣe ohun ọ̀wọ́n. Kò kàn sí nínú àpótí nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn ni.

Yorùbá ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ti àbúrò mi, a ò rí ilé wò, wọ́n sì sọ kókó rẹ̀ lórúkọ. Wọ́n ní ikọ́ ife ọrùn ni.

Mi ò bá ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ jà, mi ò sì fẹ́ kí ẹ bá a wí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 30 tí ikọ́ ife ti ń dààmú jù lọ láyé. Ẹni tó bá rí kókó lọ́rùn èèyàn nílẹ̀ wa, tó sì kọ́kọ́ ronú kan ikọ́ ife, kò ṣìnà. Òògùn rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ ṣeun fún ìyẹn. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní kó fi lò ó. Ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n láti ọjọ́ kejì, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ló ń tọ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún un ṣáájú pé òògùn náà ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tó dùn wá jù kì í ṣe òògùn. Ọ̀gá tó ń wakọ̀ fún gbọ́ "ikọ́ ife", wọ́n ní kó lọ sinmi nílé, wọ́n sì gba ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ kó ọmọ méjèèjì lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí mo sì jẹ́ olùkọ́, mo ya ife àti àwo rẹ̀ sọ́tọ̀ sí abẹ́ tábìlì. Ojú rẹ̀ ni mo ṣe é. Ìgbà tó pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ pé ikọ́ ife tó bá wà nínú kókó ọrùn nìkan, tí kò sí nínú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sábà ran ẹlòmíràn rárá. Tó bá tilẹ̀ jẹ́ òun ni, kò yẹ kí a lé e sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ó sì wá já sí pé kì í ṣe òun.

Oṣù mẹ́fà pé, kókó kò dín. Ó tún lé díẹ̀. Ibòmíràn tí a gbé e lọ, wọ́n fi ọwọ́ tẹ ọrùn rẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n ní ó jọ jẹjẹrẹ inú kókó límfù, ìyẹn àwọn kókó kéékèèké inú ara tó ń gbógun ti àrùn. Orúkọ kejì nìyẹn, wọn ò sì tíì rí hóró ẹran kan kà. Màmá wa bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ilé ìwòsàn ìjọba kan ní òdìkejì afárá ló gbà wá. Láti aago mẹ́rin àárọ̀ ni a ti ń kúrò nílé ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá ní ká wá. Oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀ yọ kókó náà lódindi, ó bọ̀ ọ́ sínú fọ́málíìnì lójú mi. Èsì àkọ́kọ́ ní sẹ́ẹ̀lì gígùn tó rí bí òwú ló kún inú rẹ̀, pé aró lásán kò lè dá a mọ̀, àfi kí a ṣe aró pàtàkì. Aró pàtàkì yẹn tún jẹ́ owó mìíràn àti ọ̀sẹ̀ mélòó kan mìíràn.

Dókítà patọ́lójì tó ń bójú tó o jẹ́ obìnrin, ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí dáadáa. Nígbà tó rí i pé ẹ̀rù ń bà mí, ó ní kí n wá wò ó fúnra mi. Mo fi ojú lé ẹnu ẹ̀rọ náà. Àwọ̀ méjì ni mo rí, ọ̀kan bí osùn tí wọ́n fi omi là, èkejì bí aró. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tò bí ebè oko: ìlà kan sẹ́ẹ̀lì, ìlà kan àlàfo, ìlà kan sẹ́ẹ̀lì. Ó ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Verocay ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe irú ètò yẹn ní 1910, àti pé Antoni, ará Sweden, ló pín ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ki àti ibi tí wọ́n ti fẹ́lẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní 1920. Ní etí gan-an, ó fi ohun tó kù nínú kókó límfù hàn mí, tí wọ́n ti fún mọ́ ẹ̀gbẹ́ bí onílé tí àlejò gba ibùsùn mọ́ lọ́wọ́.

Orúkọ rẹ̀ ni schwannoma. Theodor Schwann, ará Jámánì, ni wọ́n fi sọ ọ́. Bí wáyà iná ṣe ní rọ́bà tó bò ó, bẹ́ẹ̀ ni iṣan ìmọ̀lára tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ ṣe ní èèpo. Sẹ́ẹ̀lì tó ń wé èèpo yẹn mọ́ iṣan ló máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà mìíràn, tí yóò sì di kókó. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í tàn kálẹ̀. Bí a bá ti yọ ọ́ tán, ó tán nìyẹn fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọrùn àti orí kì í ṣe ibi àjèjì fún un. Inú kókó límfù ni ibi àjèjì. Dókítà náà ní iṣan tín-tìn-tín máa ń bá òpó ẹ̀jẹ̀ wọ inú kókó límfù, wọ́n sì gbà pé ara irú iṣan bẹ́ẹ̀ ló ti ń hù. Irú rẹ̀ tí àwọn oníṣègùn ti kọ sílẹ̀ káàkiri ayé kéré gan-an.

Ohun kan tó ṣe lọ́jọ́ náà ni mi ò lè gbàgbé. Kó tó kọ èsì, ó ránṣẹ́ pé kí àbúrò mi wá, ó ní kó bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, ó wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó tú àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í léèrè kí ló ń wá lẹ́sẹ̀ fún kókó ọrùn. Ó ní aró pàtàkì tí àwọn lò, tí wọ́n ń pè ní S-100, máa ń mú schwannoma, ṣùgbọ́n ó tún máa ń mú irú jẹjẹrẹ awọ kan tó burú jáì, tó sì jẹ́ pé lára àwa aláwọ̀ dúdú, abẹ́ ẹsẹ̀ ló sábà máa ń fara pamọ́ sí kó tó sá lọ sínú kókó límfù. Nítorí náà aró kan kò tó. Ó fi òmíràn kún un láti mú ìyẹn kúrò. Ó tún ní kókó mìíràn wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mọ̀ yàtọ̀ ní 1989, tó fẹ́ràn kókó límfù abẹ́ itan, tó jọ schwannoma bí ìbejì, àmọ́ tí S-100 kì í mú. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wo obìnrin yìí níwájú ẹsẹ̀ àbúrò mi, mo sì rántí ike omi iyọ̀ mi. Ìmọ̀ yìí wà ní Èkó. Ó wà lórílẹ̀-èdè yìí, lọ́wọ́ ọmọ wa. Ọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti Ajah ni kò sí.

Mo mọ ìbéèrè tó lè wá sí yín lọ́kàn. Àrùn tó ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, kí ni ìjọba fẹ́ ṣe sí i? Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ ná owó ìlú lórí schwannoma. Ojú ọ̀nà tí kókó àbúrò mi gbà náà ni kókó ọmú ń gbà. Ẹ̀rọ kan náà, ìda kan náà, dókítà kan náà ló ń kà á. Aró pàtàkì ló sì ń sọ òògùn tí jẹjẹrẹ ọmú obìnrin yóò gbọ́ àti èyí tí kò ní gbọ́. Gègè tó ń dàgbà lọ́rùn, kókó abẹ́ abíyá ọmọdé, jẹjẹrẹ kókó límfù tó ṣeé wò bí a bá tètè mọ̀ ọ́n, ikọ́ ife fúnra rẹ̀: gbogbo wọn ló ń dúró de ẹni tí yóò ka ẹran. Àbúrò mi ṣe oríire ni, tirẹ̀ kì í pani. Ìyá kan tó bá pàdánù oṣù mọ́kànlá bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kókó ọmú, oṣù yẹn lè jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ sì wò ó, kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Láti 1960 ni wọ́n ti dá ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Edington tó jẹ́ ọ̀gá patọ́lójì ní ilé ìwòsàn UCH níbẹ̀. Ní 1962, Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, ti Amẹ́ríkà dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn kan náà. Bí wọ́n bá yọ kókó kan, ẹni tí yóò kà á wà nínú ọgbà kan náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Mo sì ń gbé ẹran sínú ọ̀rá lórí itan nínú dánfó.

Àdúgbò wa náà kì í ṣe abúlé ẹja mọ́. Èbúté Lẹ́kkí ti ṣí ní 2023, ilé ìfọpo Dangote ṣí lọ́dún kan náà, ilé ń rú jáde láti Ìkàtẹ̀ dé Ṣàngótẹ̀dó, títí kan Awóyàyà àti Lakowe. Àwọn ọlọ́rọ̀ wà níbí lóòótọ́, láàbù aládàáni sì wà fún ẹni tó lè san án. Àmọ́ ẹ̀yìn gbogbo géètì ẹ̀sítéètì wọ̀nyẹn ni dírẹ́bà, agbálẹ̀, ọmọọ̀dọ̀, bíríkìlà àti ọlọ́dẹ wà, àwọn tó ń sùn ní Badore, ní Àdó, ní Ìlàjẹ, ní Langbasa. Ilé ìwòsàn ìjọba tí orúkọ rẹ̀ máa ń wá sí wa lẹ́nu bí àìsàn bá le ni Ọ̀dàn tó ti wà láti 1893, LASUTH ní Ìkẹjà, àti LUTH ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àràbà. Gbogbo wọn jìn sí Ajah. Ẹ kọ́ Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ fún wa ní Etí-Ọ̀sà, a dúpẹ́, mo mọ ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Lórí ìpìlẹ̀ yẹn ni mo ti ń bẹ̀ yín.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n, ẹ sì ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 2020 tí Kòrónà dé, ẹ ṣètò ibi tí wọn yóò ti máa gba àpẹẹrẹ lára àwọn èèyàn ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní Èkó, àpẹẹrẹ náà sì ń dé láàbù ní Yábàá. Kò sí ẹni tí wọ́n ní kó gbé ikun imú ara rẹ̀ wọ dánfó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí, ẹ̀yin lẹ darí iṣẹ́ yẹn, oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ sì ni yín, ẹ mọ kókó límfù ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Ajah tí ilé ìwòsàn kékeré yóò ti máa gba ike tí fọ́málíìnì ti wà nínú rẹ̀, tí wọn yóò sì dá a padà síbẹ̀ pẹ̀lú ẹran, kí ọlọ́kadà ìjọba tàbí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéra ní Badore máa kó o lọ lójoojúmọ́, kí èsì sì padà wá sórí fóònù aláìsàn. Ká tilẹ̀ ní ìyẹn nìkan lẹ ṣe lọ́dún yìí, ẹ ti ṣe ohun ńlá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo bẹ̀bẹ̀ fún láàbù patọ́lójì gidi nínú ọgbà ilé ìwòsàn ìjọba kan láàárín Lẹ́kkí àti Ajah, tí yóò lè ṣe aró pàtàkì, tí kì í ṣe aró lásán. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ rọrùn láti rà ju èèyàn lọ. Àwọn dókítà àti onímọ̀ láàbù wa ń lọ sí òkè òkun, obìnrin tó wo ẹsẹ̀ àbúrò mi lè ti lọ báyìí, mi ò mọ̀. Ẹ ṣe ohun tí yóò mú wọn dúró: owó oṣù tó tó jẹun, ilé tó sún mọ́ iṣẹ́, iná tí kì í kú lórí fíríìjì aró. Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ láìsí èèyàn, ẹ̀rọ náà yóò di ohun tí a ń fi aṣọ bò.

Lórí owó, òfin ètò ìlera Èkó ti wà láti 2015, ètò adójútòfò tí ẹ pè ní Ìlera Èkó sì ti ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn san owó ìtọ́jú. Ní 2024 ẹ tún pàṣẹ pé kí adójútòfò ìlera di dandan. A gbọ́, a sì fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ó hàn kedere nínú rẹ̀ nígbà náà pé gígé kókó, kíkà á àti aró pàtàkì wà lára ohun tí a san owó fún, fún dírẹ́bà bí ti ọ̀gá rẹ̀. Owó aró pàtàkì ni mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi san.

Ẹ̀yin HEFAMAA tí ẹ ń bójú tó ilé ìwòsàn ní ìpínlẹ̀ yìí, ọwọ́ yín ni èyí tó kẹ́yìn wà. Ẹ sọ ọ́ di òfin tí ẹ óò máa bẹ̀ wò pé kò sí ẹran tí wọ́n yọ lára èèyàn fún àìsàn tí wọn yóò jù nù láìkà, pé fọ́málíìnì gbọ́dọ̀ wà níbikíbi tí abẹ bá ti ń ṣiṣẹ́, àti pé kí ẹnikẹ́ni tó fún aláìsàn ní òògùn oṣù mẹ́fà nítorí kókó ọrùn, kó kọ́kọ́ sa ipá rẹ̀ láti rí èsì àyẹ̀wò. Ikọ́ ife fúnra rẹ̀ ṣeé wá rí nínú ẹran tí a bá gé, ẹ̀rọ GeneXpert lè ṣe é. Ẹ má fi ìyà jẹ àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké nítorí èyí. Ẹ kọ́ nọ́ọ̀sì wọn, ẹ fún wọn ní ike. Nọ́ọ̀sì tó fi omi iyọ̀ sí ti àbúrò mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ni.

Àbúrò mi ti ń wakọ̀ padà, lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ bọ̀. Ojú abẹ náà wà lọ́rùn rẹ̀, kò ju ìlà tín-ín-rín kan lọ, ó sì ń jẹ oúnjẹ nínú àwo tí gbogbo wa fi ń jẹun. Mo mọ èèyàn méjì mìíràn báyìí ní òpópónà wa nìkan tí kókó wà lára wọn, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan lábẹ́ abíyá, tí wọ́n ń lo òògùn tí wọn ò mọ ìdí rẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n béèrè fọ́málíìnì. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run gbé àkóso wa lé lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá béèrè.